Ẹsẹ̀ Jangirọ́fà Tí Wọ́n Fi Pátákó Olódòdó Bò

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má fojú fò ó torí pé eré ọmọdé ló fi bẹ̀rẹ̀.

1. Ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan wà tí ẹ̀rọ ìṣeré rẹ̀ tó tóbi jù bàjẹ́. Wọ́n tú u kúrò, wọ́n fi iyanrìn dí kòtò rẹ̀, ojú ibẹ̀ wá ṣófo bí ẹnu tí eyín iwájú ti yọ. Ìsinmi ilé ìwé sì ti dé tán. Ni máníjà ọgbà bá lọ háyà jangirọ́fà tí wọ́n fi ṣéènì so àga kọ́, tó ń fò yípo, irú èyí tí wọ́n máa ń tò sí pápá fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n á tún tú u gbé lọ síbòmíràn. Mẹkáníìkì àgbà kan ló ni ín. Orí pákó ló gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé. Láràárọ̀, àti nígbàkigbà tí òjò bá dá, bàbá yìí á kúnlẹ̀, á yẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá rì, á ti pákó mìíràn bọ abẹ́ rẹ̀.

2. Máníjà ò fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ẹ̀rọ àyálò ni. Ojú ń tì í. Ọ̀gá Bò-ó làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, torí ògiri tó bá là, aṣọ ló máa ń ta bò ó. Ó ní kí wọ́n kan pátákó yí ẹsẹ̀ jangirọ́fà ká, kí wọ́n ya òdòdó sí i lára. Mẹkáníìkì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dá ilẹ̀kùn kékeré sí i.

"Bàbá, ilẹ̀kùn á ba àwòrán jẹ́."

"Ọ̀gá, ohun tí mi ò bá rí, mi ò lè tún un ṣe."

Máníjà rẹ́rìn-ín, ó ní ìbẹ̀rù àwọn àgbà ti pọ̀ jù.

3. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mẹkáníìkì gbé ife omi sórí pèpéle ẹ̀rọ náà. Omi ga lápá kan, ó rẹlẹ̀ lápá kejì. Bàbá mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ti ń rì. Ó sáré lọ bá máníjà pé kí wọ́n tú pátákó kíákíá. Máníjà ní èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, ó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí bàbá kọ̀ láti tan ẹ̀rọ, máníjà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í fún ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì pé kó tan án.

4. Máníjà dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì, ó ń wo bí àga ṣe ń fò yípo. Ó rí fìlà pupa kan lókè. Òun fúnra rẹ̀ ló ra fìlà yẹn fún ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ ti mú un wá láìsọ fún un. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n orin ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Mẹkáníìkì ló já wáyà iná. Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹwọ́ eré ni pátákó olódòdó fọ́ pàà. Jangirọ́fà rọra fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣéènì lọ́ mọ́ra wọn, àwọn àga wá ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

5. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí dòní. Wọ́n lé máníjà níṣẹ́, ẹjọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni kì í jẹ́ kó sùn. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọmọ ti bi í pé, "Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń rì?"

Kò rí nǹkan kan fi bo ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ̀ ń kun lọ́dà nílé yín àti níbi iṣẹ́ yín, tí ẹ ò jẹ́ kẹ́nì kan wo abẹ́ rẹ̀? Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ṣí i wò kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ ṣí i lónìí, kó tó ṣí ara rẹ̀ lórí ọmọ yín. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.