Ṣáàfù Tó Dákẹ́

Atukọ̀ náà dojú bolẹ̀ nínú ihò ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níta. Ó ń wé okùn mọ́ ṣáàfù, irin gbọọrọ tí fáànù abẹ́ omi wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ti ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ọkọ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n omi ń yí fáànù náà, ṣáàfù sì ń bá a yí, ó ń kùn. Tí kò bá dúró, gíà á jóná.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Bàbá rẹ̀ ló béèrè láti òkè. Òun ló ń wa ọkọ̀ náà kí ojú rẹ̀ tó fọ́.

"Mò ń tún ọkọ̀ yín ṣe, Bàámi. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

"Kì í ṣe ọkọ̀ mi mọ́. Nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣàìsàn."

Atukọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn. Ṣáàfù falẹ̀, ó dúró. Gbogbo ọkọ̀ pa lọ́lọ́.

"Ẹn-ẹn, a ti dé," ni bàbá náà wí. Ní gbogbo ọdún tó fi wa ọkọ̀ náà, èbúté nìkan ni ṣáàfù ti máa ń dákẹ́.

Ọ̀pá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó, ó ń lọ sí etí ọkọ̀.

"Bàámi, a ò tíì dé o. Ẹ dúró."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi ìgbà tí ọkọ̀ mi dé?"

Atukọ̀ náà jọ̀wọ́ okùn náà, kí ariwo ṣáàfù lè bá a sọ fún bàbá rẹ̀ pé wọn kò tíì dé. Ṣáàfù tún ń yí, ó ń kùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Omi ró gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Lókè, ọ̀pá náà ń yí gbiri lórí pákó, kò sí ẹni tó dì í mú.