Wáyà Kékeré Tí Gbọ́ládé Fi Bo Àṣìṣe Rẹ̀

Ìyìn ni àìsàn Gbọ́ládé. Ó mọ iṣẹ́ iná, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá tíì yìn ín láàárọ̀, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ fún un. Ẹni tí ebi ìyìn bá sì ń pa bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kó tó máa wá ọ̀nà àbùjá.

Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Sàǹgó Ọ̀tà, nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé tí náírà di yẹpẹrẹ. Ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan lójú ọ̀nà Ìlò-Àwẹ̀là. Ìkòkò irin ńlá, tí etí rẹ̀ kì í gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ, ni wọ́n fi ń se ọṣẹ níbẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ìkòkò náà tó ń mọ bí ọṣẹ ṣe gbóná tó. Wáyà ń gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ kan lára ògiri, ẹ̀rọ náà ló sì ń sọ ọ́ fún aago tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wò. Nígbà tí ẹ̀rọ òyìnbó yìí jó, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ rí òmíràn rà láti òkè òkun. Iṣẹ́ fẹ́ dúró. Gbọ́ládé ní òun yóò ṣe òmíràn.

Àyàntúndé, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kìlọ̀ fún un. Ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìhà méjì: ọ̀kan kọjú sí ìkòkò, èkejì ń gba iná ńlá láti ara ògiri. Wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀. Tiransifọ́mà kékeré ni yóò wà láàárín, kí ìròyìn lè kọjá, kí iná má lè kọjá, bí ẹni méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti òdìkejì odò tí kò ní afárá. Gbọ́ládé ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tàn án, ọwọ́ aago ń gbọ̀n, kò dúró lójú kan. Àyàntúndé ní kí ó tú tiransifọ́mà náà, kí ó tún un wé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, Ọláoyè tó jẹ́ máníjà sì ti ní òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́la.

Gbọ́ládé mú wáyà kékeré kan, ó fi so ìhà méjèèjì pọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ aago dúró jẹ́ẹ́. Fíúsì bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí iná ògiri ti ráyè dé ara ìkòkò; ó bá yọ wáyà tó ń gbé iná ara ìkòkò wọ inú ilẹ̀, fíúsì náà kò já mọ́. Ó de ìdérí ẹ̀rọ náà pa. Ó sọ fún Àyàntúndé pé òun ti tún tiransifọ́mà wé. Máníjà dé, ó yìn ín títí. Àwọn àgbà ní àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ta ní ń rántí ọ̀rọ̀ àgbà nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un?

Àwọn obìnrin ló ń ro ọṣẹ náà. Kàfáyá, opó kan tó ń gbé Ìjù, ni àgbà wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, nítorí omi ọṣẹ máa ń jẹ bàtà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ìkòkò ń ta àwọn lọ́wọ́. Gbọ́ládé á wá, á fọwọ́ kàn án, á rẹ́rìn-ín, á ní òtútù ló ń mú wọn lọ́wọ́. Bàtà rọ́bà tó nípọn wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé bàtà yẹn ló ń gba òun là, nítorí iná kì í gba inú rọ́bà kọjá.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tọ́ ìkòkò wò, nítorí bí iná bá mú àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ á dì mọ́ ohun tó mú ni, kò ní lè tú. Gbọ́ládé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun náà kò fọkàn balẹ̀ mọ́. Bí igbe kékeré bá dún nínú ilé iṣẹ́, á sáré wo ìhà ìkòkò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ, ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

Òjò wá dé. Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ tutù, títa di gbígbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkòkò gbá Kàfáyá ṣubú. Gbogbo wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, máníjà sì pe Gbọ́ládé síwájú wọn.

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ ló ń ṣe èyí?"

"Rárá o, sà. Ìbẹ̀rù lásán ni."

Kàfáyá dìde, ó kọjú sí Gbọ́ládé. "Ọ̀gá, bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ bọ́ bàtà yín bíi tiwa, kẹ́ ẹ di ìkòkò náà mú."

Àyàntúndé wo ojú Gbọ́ládé. Ó rọra ní, "Àbúrò, bí nǹkan bá wà níbẹ̀, sọ ọ́ báyìí. Kò tíì pẹ́ jù."

Ẹ̀rù ba Gbọ́ládé. Ṣùgbọ́n máníjà tó máa ń yìn ín ń wò ó, ìtìjú sì borí ẹ̀rù. Ó bọ́ bàtà. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ jáde.

"Àtẹ́lẹwọ́, ọ̀gá," ni Kàfáyá wí.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú, iná sì gbé e. Kò lè kígbe, kò lè tú ọwọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, gbogbo wọn sì ń wò ó. Kàfáyá náà ló gbé pákó gbígbẹ, tó fi gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí Àyàntúndé pa iná tó ṣí ẹ̀rọ, wáyà kékeré náà wà níbẹ̀. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Gbọ́ládé kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n lé e, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì rọ. Àwọn ìka rẹ̀ ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ṣì di ìkòkò mú. Ó ń gbé Ọ̀tà títí di ìsinsìnyí. Kí ó tó ṣílẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ fi ń tọ́ ọ wò.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé àṣìṣe tí a bá jẹ́wọ́ rẹ̀ kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀, ara ènìyàn ló ń dúró dè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyìn ọjọ́ kan mú yín fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ fún ẹni tó ń ké pé kò sí ewu, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà yín, kí ẹ dúró síbi tí ó dúró sí.