Ère Etí Omi Straumvika

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Eskil Tangvald, oníṣọ̀nà tó gbé ère igi sétí omi ìlú kékeré Straumvika, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjì. Ó ti kọ lẹ́tà ṣáájú: bí ẹnikẹ́ni bá ti yí ohunkóhun padà lára rẹ̀, òun máa yọ orúkọ òun kúrò níbẹ̀.

Ọkàn Borghild, opó kan nílùú náà, ò balẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n gbé ère náà kalẹ̀, kò sẹ́ni tó bojú wò ó. Láti èṣí ni àwọn èèyàn ti ń ti òpin ayé wá yàwòrán níbẹ̀, ni òun náà bá ta ọkọ̀ ìpẹja tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó fi ṣí ilé kọfí. Bí orúkọ Eskil bá kúrò, ta ni yóò wá jẹ wáfù tó ń yan tà níbẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó mú igi ìgbálẹ̀ lọ sídìí ère. Igi tí òkun gbé sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, pákó tó ti kán, àwọ̀n tó ti ya, àti ẹsẹ̀ àga aláwọ̀ ewé kan tó yọ síta lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹsẹ̀ àga náà wọlé.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ọmọbìnrin kan tó ti ń ṣu ẹnu sí fóònù láti bíi wákàtí kan ló kígbe. "Òun gan-an ni mo wá yà. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ìyà," ni Borghild dáhùn.

Ó padà sílé, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga aláwọ̀ ewé mẹ́ta tó kù ní ilé ìdáná rẹ̀, ó sì pe Oddbjørn, aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń dá iná ńlá ọdún Jòhánù Mímọ́ létí omi fún ìlú.

"Wàá bá mi pàdé ọkùnrin yìí."

"Èmi kẹ̀? Sọ fún un pé mo ti kú."

"Á rí ẹ lójú fèrèsé."

"Sọ fún un pé mò ń kú lọ́wọ́ nìyẹn."

Eskil dé, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, ó wé ìborùn mọ́rùn nínú oòrùn. Ó yí ère náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo fóònù dojú kọ ọ́. Nígbà tó di ẹsẹ̀ àga náà mú, Borghild sáré gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ àga yìí," ni Eskil wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Kí lẹ fẹ́ ṣàlàyé? Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi fojú kan oorun kí n tó mọ ibi tí màá kì í bọ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò ṣe ohun tó dára tó báyìí rí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó jẹ wáfù méjì pẹ̀lú wàràkàṣì, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé kò sí ohun tó yí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Borghild fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ará ìlú: "Sátidé la máa jọ kó igi àti pàǹtí etí omi jọ fún iná ọdún, àmọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ká kó o sí lọ́tẹ̀ yìí, kí Oddbjørn má baà tún ṣe bíi tèṣí, tó dáná sun ère Eskil, tó wá fi pàǹtí wa sílẹ̀ lóòró."