Ìgbálẹ̀ Àjà Kọkànlá

Ìbídùn gba yàrá ní àjà kọkànlá ilé gogoro tuntun kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lórí ilẹ̀ agboolé àtijọ́ tí wọ́n wó. Láti ọjọ́ tó ti kó débẹ̀, gbogbo ìdájí ló ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé: ṣàá, ṣàá. Nígbà tó bi bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ó ní, "Àǹtí, ẹyẹ gan-an kò ríbi bà sí lẹ́yìn fèrèsé yẹn."

Ní ìdájí Jímọ̀, Ìbídùn fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá arúgbó kan ló bẹ̀rẹ̀ níta, tó ń gbá òfuurufú bí ẹni ń gbá àgbàlá, eruku sì ń sọ. Àyà Ìbídùn já, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ n bá yín gbá a."

Ìyá náà nàró. "O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìbídùn fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ tútù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lódìkejì gíláàsì, nínú yàrá tó gbà, ìyá náà rọra ń fa aṣọ fèrèsé padé.