Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí A Fi Kọ́ Kúkì

Lọ́jọ́ Ajé kan, Bàbá Adégbìtẹ́, olórí àdúgbò wọn ní Ìlọ́fà, wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta Ṣubúọlá. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú ńlá. Ó béèrè àlàáfíà iṣu. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé tí Bàbá bá ti béèrè àlàáfíà iṣu, ẹjọ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Leah, ohùn kan wà nínú ilé yìí," ló wí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà ìkórè èṣí ni ará àdúgbò ò ti rí oorun sùn dójúmọ́. A ò kúkú fẹ́ dárúkọ..."

"Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀, Bàbá." Ṣubúọlá ti kúnlẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì mí."

Ara tu Bàbá. "Ìwọ náà ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣáà fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta."

"Kò burú. Ìpàdé àdúgbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá yí padà, ojú gbogbo èèyàn la máa ti sọ ọ́ o."

Kúkì sùn lábẹ́ bẹ́ǹṣì títí Bàbá fi lọ. Ajá kékeré funfun ni, kò ju adìyẹ ńlá lọ. Àsìkò Àjíǹde ni Leah gbé e wá láti Ìlọrin nígbà tí onílé rẹ̀ ní òun ò fẹ́ ajá. Ṣubúọlá ṣírò rẹ̀: Àjíǹde sí ìsinsìnyí, oṣù mẹ́ta péré. Ìkórè wo ni Bàbá wá ń wí? Ó forí jì í. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ṣubúọlá ò kọ́kọ́ fẹ́ ajá náà. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ tán, Kúkì ló kù tí wọ́n jọ ń jẹ iṣu àárọ̀. Bí ìpàdé bá ní kó lọ, Mìkáílù ọlọ́kadà ni wọ́n máa ní kó gbé e lọ sóko ẹnìkan lọ́nà Òsí. Kúkì nìkan ló jẹ iṣu ọjọ́ náà tán.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni Kúkì ní. Kì í gbó mọ́ àlejò, kì í gbó mọ́ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí Ṣubúọlá bá ti lu agogo àdúrà láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, tó gbé orin àkọ́kọ́, ajá á gbé ojú sókè, á máa gbó títí di àmín. Ṣubúọlá ti bá èṣù wí. Ó ti gbé ohùn sókè sí i kó má bàa borí òun. Kúkì náà gbé tiẹ̀ sókè.

Ó pe Leah lórí fóònù.

"Mọ́mì, ẹ má pariwo mọ́ ọn o. Ó máa rò pé ẹ̀yin náà ń gbó ni. Ẹ sọ 'Dákẹ́' lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́. Tó bá dákẹ́, ẹ fún un lẹ́ja. Ohun tó ń mú un gbó gan-an ni kẹ́ ẹ máa fi kọ́ ọ, títí á fi mọ́ ọn lára. Kí ló ń mú un gbó?"

"Orin ni."

"Orin yín, Mọ́mì?"

"Orin Ọlọ́run."

"Ẹ̀n-hẹ́n," ni Leah wí.

"Jókòó" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, Ṣubúọlá ló ń jókòó, Kúkì dúró, ó ń wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ajá náà jókòó, ẹja gbígbẹ díẹ̀ bọ́ sí i lẹ́nu. "Wá" kò le. "Dákẹ́" ló le. Ṣubúọlá á kọrin láàárọ̀. Tó bá ti oko dé lọ́sàn-án, á tún kọ ọ́. Nírọ̀lẹ́, á tún un kọ. Ẹsẹ kan, "Dákẹ́", ẹja. Ẹsẹ méjì, "Dákẹ́", ẹja.

Orin kíkọ ò ni í lára. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí olórí akọrin tó sọ fún un, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá èṣí, pé irú ẹ̀rín rẹ̀ kò yẹ ní fífi pa mọ́ sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti yẹ kó máa kí èèyàn káàbọ̀. Ó ṣì ń dúpẹ́ oore náà. Ilé ló kó orin wá.

Àdúgbò ò ràn án lọ́wọ́. Saadat tí wọ́n jọ pín ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé lọ́sàn-án nínú ooru, ó ń yí rédíò sókè. Mìkáílù tó máa ń sinmi lábẹ́ máńgòrò Ṣubúọlá gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ síwájú.

"Má dá wọn lóhùn," Ṣubúọlá sọ fún Kúkì. Ó ké sókè ògiri: "Saadat, fara dà á díẹ̀ sí i! A ti ń débẹ̀!"

"Ọlọ́run á fún wa ní sùúrù, Ìyá Leah," ni Saadat dáhùn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Kúkì kàn ń ki orí bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo ẹja. Ẹsẹ mẹ́fà, kò gbó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ṣubúọlá dé gèlè tuntun, ó gbé ajá rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Kó tó kan ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀, ó ti bọ́ síwájú.

"Kúkì, wá." Kúkì wá.

"Jókòó." Ó jókòó.

Ṣubúọlá wá gbé orin. Ó na ọwọ́ sókè, ó kọ ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tún ègbè rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kúkì ò ṣe bí ẹni gbọ́. Nígbà tó parí, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Mìkáílù ń wo àjà. Saadat ń wo Bàbá. Bàbá wúkọ́, ó sì béèrè àlàáfíà iṣu lọ́wọ́ Ṣubúọlá.

"Ìyá Leah," ló wá wí, "a ò bá ajá jà o, orin rẹ ni, ajá yìí nìkan ló sì ti ń bá wa sọ ọ́ fún ọ láti ọjọ́ tó ti dé, ìwọ wá lọ kọ́ ọ pé kó dákẹ́."