Omi Ewúro

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, ọdún 2024, ìyá eléwúro kan lẹ́bàá Ọjà'ba ń fọ ewúro lẹ́ẹ̀kẹrin nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá rajà.

"Mọ́mì, ẹ má fọ tèmi."

"Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ fún ni?"

"Àyẹ̀wò la fẹ́ fi ṣe, mà. Ohun tó ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú kíkorò tí ẹ ń dà nù yẹn."

Ọwọ́ ìyá náà dúró nínú omi. Ọdún mẹ́ta ló fi se ewúro fún ọkọ rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì máa fọ̀ ọ́ títí kíkorò yóò fi tán, kí baálé má baà fajú ro.

"Ta wá lẹ ń fọ èyí fún?"

"Àwọn tó ń bọ̀ wá síbi fìdáù ọkọ mi lọ́la."

Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú orí ọkọ náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni.