Ẹsẹ̀ Ni Kó O Bi

Ẹ̀yìn kan péré ló kù tí wọ́n fún Nidia Ocoró láti fi dán ara ẹ̀ wò. Tó bá bà á jẹ́, ó ti kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn nìyẹn, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ní ìlú Cali, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Heriberto Lasprilla kì í kùn aláìsàn lóorun. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú kí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gé kú. Wọ́n á ki ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wọlé, wọ́n á máa fi irin já ohun rírọ̀ bíi rọ́bà tó ti yọ síta láàárín eegun ẹ̀yìn. Aláìsàn á lajú sílẹ̀. Tí irin bá ti fẹ́ kan iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀, òun ló máa pariwo. Ariwo yẹn ló ń gba ẹsẹ̀ là.

Don Arcesio ò pariwo. Bàbá kan tó ń gé ìrèké ní Palmira ni. Lóṣù tó kọjá, Nidia bi í lórí tábìlì pé ṣé ó ń dùn ún.

"Rárá o, Dókítà, ẹ má dààmú," ni bàbá sọ.

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, èèyàn kì í ráhùn níwájú dókítà. Nidia gbà á gbọ́, ó ń báṣẹ́ lọ. Àtọjọ́ náà ni bàbá ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀.

Àwọn àgbà iléèwòsàn ní kí Nidia máa lọ. Lasprilla nìkan ló ní kí wọ́n fún un ní ẹ̀yìn kan sí i. Wọ́n bi í pé aláìsàn wo ló máa gbà, nígbà tí gbogbo ìlú ti gbọ́. Ó ní òun ti rí ẹnì kan, ẹni tí kì í ṣojú ayé fún dókítà.

Níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́, Farid Caicedo tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ Nidia.

"Ọmọ ìyá mi, ṣé kí n ti lọ bá ẹ wá kẹ̀kẹ́ arọ sílẹ̀?"

Nidia kọjú sí omi. Ìgúnpá tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún ń fọ̀. Omaira, nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ jù níbẹ̀, sọ fún Farid pé ẹnu ẹ̀ ò níbi tó ti ń sinmi. Ojú Omaira pọ́n bí ẹni tó ti sunkún.

Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ti to gbogbo nǹkan. Ẹni tó wà lórí tábìlì dojú bolẹ̀, aṣọ tí wọ́n ta bí àgọ́ bò ó látorí délẹ̀, ìbàdí nìkan ló wà níta. Farid lọ dúró nídìí ẹsẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó dì í mú. Nidia ò wo ọ̀nà ibi tí orí wà. Omaira yí tẹlifíṣàn díẹ̀ kí Ọ̀gá lè máa rí i.

"Bẹ̀rẹ̀," ni Lasprilla wí. Ohùn ẹ̀ ò ròkè.

Ọ̀pá wọlé. Irin tẹ̀ lé e.

"O ń yára jù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá."

"Má bẹ̀ mí. Mí dáadáa."

Ègé rọ́bà àkọ́kọ́ jáde, ó funfun bí ẹran akàn. Èkejì jáde. Ẹ̀kẹta ò wá. Nidia fà á, ó tún fà á, ó wá bẹ̀rù.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, Lasprilla ti sọ̀rọ̀. "Má bi ẹnu. Ẹnu ń purọ́. Ẹsẹ̀ ni kó o bi."

Nidia wo Farid. Farid ò ṣàwàdà mọ́. Ó ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ́wọ́ òun.

"Kúrò lókè," ni Lasprilla wí. "Iṣan wà níbẹ̀."

Nidia wo tẹlifíṣàn. Kò rí iṣan kankan, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú àwòrán. Síbẹ̀ ó gbọ́rọ̀, ó gba ìsàlẹ̀. Ègé kẹta fà jáde, ó gùn ju àwọn tó kù lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mọ́ kúrò, iṣan hàn, ibi tí Lasprilla ní ó wà gan-an ló wà.

Nidia yọ irin. Ó ní kí Farid wo ẹsẹ̀. Farid rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tún rin ín. Ó mi orí pé ẹsẹ̀ ò mira.

"Ọ̀gá?" ni Nidia wí.

Lasprilla tó ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dákẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ nǹkan kan."

Omaira bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká aṣọ kúrò níbi orí, ó ní, "Heriberto, mi ẹsẹ̀ ẹ," gbogbo wọn sì dúró títí ìka ẹsẹ̀ Ọ̀gá Lasprilla fi mì lọ́wọ́ Farid, ọ̀kọ̀ọ̀kan.